Ilé àtijọ́ tí ìran mẹ́ta fẹ́ jọ gbé: kí ni ká kọ́kọ́ tún ṣe?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìyí:

"Ilé tí bàbá wa àgbà kọ́ ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan, ó ti lé ní 60 ọdún. Òkè ni bàbá àti ìyá wa ń gbé, orúnkún sì ń yọ ìyá wa lẹ́nu. Èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta fẹ́ kó wọlé tì wọ́n. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú wọn ní òun ò lọ síbì kankan. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká wó o ká tún un kọ́. Àwọn òbí wa ní ọ̀dà àti páànù tuntun ti tó. Owó ọwọ́ wa ò lè ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni ká kọ́kọ́ dáwọ́ lé?"

*

Ọ̀nà tí ìyá yín ń gbà láti orí ibùsùn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní aago méjì òru ni kí ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Ẹ bá wọn rìn ín lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń na ọwọ́ wá ògiri, ibi tí wọ́n ti ń wọ́ ẹsẹ̀ títí wọ́n á fi rí swíìṣì iná, ibi tí ilẹ̀kùn ti fún mọ́ wọn. Ohun tí ẹ bá rí lójú ọ̀nà yẹn ni iṣẹ́ yín. Bí ọ̀nà yẹn bá ti dáa fún ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, ọmọ ọdún méjì á rìn ín, aboyún á rìn ín, ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù náà á rìn ín.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn á ní pálọ̀ ló yẹ kó ṣáájú, torí ibẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí. Mo ti dé ilé tí wọ́n fi táìlì dídán tẹ́ pálọ̀ ẹ̀, tí sílíìnì ẹ̀ rẹwà, tí ìyá àgbà inú ẹ̀ sì ń tọ̀ sínú ike lóru nítorí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìn sí wọn. Ó dùn mí púpọ̀.

*

Ti wíwó ilé. Ògiri ni ká kọ́kọ́ bi léèrè kí a tó gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n yín.

Kò sí ilé tó pẹ́ tí ògiri ẹ̀ ò sán. Èyí tó tín-ín-rín, tó mọ sára ìrẹ́lé, ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni èyí tó ti igun fèrèsé dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, tó la búlọ́ọ̀kù fúnra ẹ̀ kọjá, tó fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, tí apá kan ẹ̀ sì fẹ̀ ju èkejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ń rìn. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fa ìlà síbi tí ó sán dé, ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ fi rúlà wọn bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá lórí ẹ̀. Bí kò bá kúrò níbi tí ẹ fàlà sí, àpá lásán ni, ọgbẹ́ ẹ̀ ti jinná. Bó bá ń lanu sí i, ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀ ni kí ẹ pè kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Bíríkìlà mọ bí a ṣe ń dí ibi tó sán. Ohun tó mú un sán ò sí lára iṣẹ́ tí a pè é fún.

Lọ́pọ̀ ìgbà omi ló ń fà á. Omi òjò tó ń ti orí òrùlé já lu ìdí ògiri, páìpù tó ń jò lábẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ìta tó ti ga ju ilẹ̀ yàrá lọ torí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń dà síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ wa ilẹ̀ ìta yẹn kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ inú ilé, kí ẹ la gọ́tà tí omi á gbà jìnnà sí ògiri.

Ibí yìí ni èmi àti àwọn oníṣẹ́ ti máa ń jiyàn. Bí ọ̀rinrin bá ń gun ògiri amọ̀ tàbí ti bíríkì àtijọ́, wọ́n á ní ká ha á, ká fi símẹ́ǹtì tó ki rẹ́ ẹ. Ògiri amọ̀ máa ń mí. Omi tó bá fà láti inú ilẹ̀, ara ẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Símẹ́ǹtì á dí i pa, omi yóò sì máa gùn sókè nínú ògiri títí yóò fi yọ lókè ibi tí wọ́n rẹ́ dé. Nígbà tó bá yá, ìrẹ́lé yẹn á ṣí, á sì bá amọ̀ wá. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹ dá omi dúró nísàlẹ̀, kí ẹ ṣí ìdí ògiri sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi irú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ tún un rẹ́.

Ẹ wo igi òrùlé náà. Ẹ fi screwdriver gún igi náà níbi tó ti jókòó lé orí ògiri. Bó bá wọlé láìsí wàhálà, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Páànù tuntun tí ẹ bá kàn mọ́ irú igi bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa tún gun òkè lọ tú u.

Bí ìpìlẹ̀ bá ń rìn, tí ògiri ti tẹ̀, tí ikán sì ti jẹ òrùlé, ẹ gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n yín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ni tèmi. Ògiri tó nípọn bẹ́ẹ̀ àti àjà tó ga bẹ́ẹ̀, owó tí ẹ ní ò ní kọ́ irú ẹ̀ mọ́.

*

Òǹkàwé kan fèsì pé: "Gbogbo ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n bàbá wa ò ní gbà láti sọ̀ kalẹ̀. Òkè ni wọ́n ti tọ́ wa. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé àwọn sísàlẹ̀ ń retí ikú àwọn."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yé. Bàbá tèmi náà kọ̀. A ò bá wọn jiyàn, a ò sì dárúkọ ọjọ́ ogbó. Yàrá ìsàlẹ̀ ni a tún ṣe: a fẹ fèrèsé ẹ̀ lójú kí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lè máa rí ẹnubodè àti gbogbo ẹni tó ń wọlé, a kọ́ ilé ìwẹ̀ mọ́ ọn lára, a gbé àga tí wọ́n fẹ́ràn síbẹ̀. Yàrá òkè wà bó ṣe wà, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lápò wọn. Wọ́n ń wá sinmi níbẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n gbé rédíò àwọn sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ òkè mọ́.

Ohun tí àgbà ń bẹ̀rù ni pé kí wọ́n gba àṣẹ ilé lọ́wọ́ òun. Yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, tí ò rí ẹnì kankan, á jẹ́rìí sí ìbẹ̀rù yẹn. Ẹ má fi yàrá tó burú jù ṣe ti àwọn òbí yín.

Bó bá di dandan kí wọ́n wà lókè, ẹ tún àtẹ̀gùn ṣe gidi. Irin ìdìmú lápá méjèèjì, kó gùn kọjá àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ti máa ń wá nǹkan tí yóò dì mú. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, ibi tí a ń tẹ̀ kó tó 28, kí gbogbo wọn sì dọ́gba. Ìkan ṣoṣo tó bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì ga ju àwọn yòókù tó láti gbé èèyàn ṣubú, torí ẹsẹ̀ ti há bí wọ́n ṣe ga sórí. Ẹ kun etí wọn ní àwọ̀ tó yàtọ̀, kí swíìṣì iná wà lókè àti nísàlẹ̀. Nítorí àwọn ọmọ, àlàfo àárín irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kan sí èkejì ò gbọdọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10.

*

Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀, kí ẹni tó ń ya àwòrán ilé yín gbọ́ nǹkan wọ̀nyí:

Ojú ilẹ̀kùn kó tó sẹ̀ǹtímítà 80 ó kéré tán, 90 ló dáa jù. Ìta ni kí ilẹ̀kùn máa ṣí sí. Bí èèyàn bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara onítọ̀hún ló máa dí yín lọ́nà àtiwọlé gbé e. Kí ó má sí ìdènà kankan lẹ́nu ibi ìwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà méjì dà lórí mítà kọ̀ọ̀kan sójú ibi tí omi ń gbà lọ, ó tán. Ìjókòó ṣáláńgá olómi kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 48, torí orúnkún tó ń dunni ò fẹ́ ìjókòó tó rẹlẹ̀.

Irin ìdìmú ni wọ́n máa ń ṣe ní ìṣekúṣe jù. Wọ́n á tẹ́ táìlì tán, wọ́n á wá lu ihò sára búlọ́ọ̀kù tí inú ẹ̀ ṣófo, wọ́n á fi ṣúkúróò kékeré dè é. Ọjọ́ tí ìyá bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn ló máa fà yọ. Kí táìlì tó bo ògiri, ẹ fi kọnkéré kún inú búlọ́ọ̀kù níbi tí irin máa wà, kí ẹ sì ya fọ́tò ibẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀. Bí kò bá tíì sẹ́ni tó nílò irin lónìí, ibi tí ẹ máa dè é mọ́ ti wà nílẹ̀.

Bí ilẹ̀ ilé bá ga sókè, tí ẹ fẹ́ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́ aláìlera, sẹ̀ǹtímítà kan tó bá ga, 12 ni kó fi gùn. Ẹnu ọ̀nà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 nílò ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tó gùn ní mítà 5.4. Oníṣẹ́ tó bá ní mítà méjì ti tó, ẹ ní kó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lójú yín.

*

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ló mú èsì wá jù. Àwọn kan ní ilé ìdáná kan ṣoṣo ló ń mú ẹbí wà níṣọ̀kan, pé ọjọ́ tí ẹ bá kọ́ ìkejì lẹ pín ilé. Àwọn mìíràn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin, ní kí oníkálukú ní tiẹ̀, kí àlàáfíà lè jọba.

Ẹni tó ń dáná ló yẹ kó sọ̀rọ̀ níbí, kì í ṣe ẹni tó ń jẹun. Ẹ bi ìyá yín, ẹ bi ìyàwó yín, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ilé tí mo mọ̀, ìjà wọn ò níí ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ tàbí ìkórìíra. Ẹni tó fi abọ́ sílẹ̀ láìfọ̀ ni, ẹni tó gbé ìkòkò kúrò lórí iná ni, ẹni tó dé láago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ebi ń pa nígbà tí àwọn yòókù ti sùn ni. Ohun tí mo fara mọ́ ni ilé ìdáná ńlá kan nísàlẹ̀, tó ní síǹkì méjì àti tábìlì iṣẹ́ oríṣi méjì: ìkan tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90 fún ẹni tó ń dúró, ìkan tó rẹlẹ̀ tó bíi 75 fún ẹni tó fẹ́ jókòó ṣiṣẹ́. Lókè, kí igun kékeré kan wà tó ní síǹkì, fíríìjì kékeré àti ibi tí a ti lè se omi gbígbóná. Igun yẹn ò pín ilé. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ jí lóru á rí omi gbígbóná láìjí gbogbo ayé.

*

Ẹnìkan dábàá pé kí wọ́n wó ògiri àárín ìsàlẹ̀ kí pálọ̀ lè fẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òòlù sí ògiri kankan lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ẹnjiníà tó wo ohun tó jókòó lé e lórí. Bí ògiri òkè bá wà ní ọ̀kánkán ẹ̀, tàbí tí igi àjà bá gbé orí lé e, ó ń gbé ilé dúró nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ ní òpó ìdúró fún ìgbà díẹ̀ àti bíìmù kọnkéré tàbí ti irin tó máa rọ́pò ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, èèyàn mẹ́jọ nílò ògiri ju gbọ̀ngàn lọ. Ọmọ kan ń múra ìdánwò, bàbá ń gbọ́ ìròyìn, ẹnìkan ti ibi iṣẹ́ òru dé ó fẹ́ sùn. Kí oníkálukú ní ilẹ̀kùn kan tó lè tì. Àwọn ilẹ̀kùn igi àtijọ́ yẹn náà, ẹ má jù wọ́n nù. Ẹ yọ wọ́n, ẹ fá wọn, ẹ di abẹ́ wọn. Mi ò tíì rí ilẹ̀kùn tuntun olówó pọ́ọ́kú tó dí ariwo bíi tiwọn.

*

Ohun tí ojú ò rí.

Bí páànù tó wà lórí ilé bá jẹ́ ti asbestos (okùn tín-ín-tín-ín inú òkúta tí wọ́n pò mọ́ símẹ́ǹtì), ẹ ṣọ́ra gidi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo oríṣi ẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ, àìsàn ẹ̀ sì lè má fara hàn títí di 20 sí 40 ọdún. Bó bá wà ní odindi, tí ẹnikẹ́ni ò gé e tàbí lu ú, ewu ẹ̀ kéré. Eruku ẹ̀ ni ikú wà nínú ẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀kọ́ ẹ̀ ni kó wá tú u: yóò rin ín lómi, yóò tú u lódindi, kò ní fi máṣíìnì gé e, kò sì ní gbá eruku ẹ̀ ní gbígbẹ. Kí àwọn òbí àti ọmọdé kúrò nílé lásìkò yẹn.

Ọ̀dà àtijọ́ náà lè ní òjé nínú. Kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Ẹ má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ. Ẹ rin ín lómi kí ẹ tó fá a.

Wáyà ẹ̀wẹ̀. Iná tí wọ́n fà nígbà tí ilé ní gílóòbù díẹ̀ àti rédíò kan ò lè gbé ohun tí èèyàn mẹ́jọ máa tì bọ sókẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹ fà á tuntun: wáyà 1.5 mm² fún gílóòbù, 2.5 fún sókẹ́ẹ̀tì, 4 tàbí 6 fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ agbómigbóná, ó kù sọ́wọ́ bó ṣe ń fa iná tó. Ẹ béèrè fún ẹ̀rọ ààbò 30 mA tó ń pa iná fúnra ẹ̀ nígbà tí iná bá fẹ́ gbé èèyàn, kí wọ́n sì ri irin ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní earth dáadáa. Oníṣẹ́ kan lè ní àfikún ìnáwó lásán ni. Nínú ilé tí ọmọdé ń ki ìka bọ ihò, tí àgbà ń fi ọwọ́ tútù tan iná, èmi ò ní gbà.

Sókàwéè yín náà, èèyàn mẹ́ta ló ń lò ó báyìí, mẹ́jọ ló máa di. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó kó wọlé. Bí ẹ bá ní kànga, kí wọ́n jìnnà síra wọn tó 30 mítà.

Fèrèsé tó ní irin nítorí olè: nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ìkan ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì kọ́ sí ìtòsí níbi tí àgbà mọ̀. Iná ilé kì í dúró de ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

*

Mo ti ń retí ẹni tó máa béèrè èyí, kò sẹ́ni tó bèèrè. Ilé bàbá àgbà ni ẹ pè é. Ṣé bàbá yín nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé?

Bí àwọn àbúrò bàbá yín tàbí ọmọ wọn bá ní ìpín níbẹ̀, ẹ pè wọ́n jókòó kí ẹ tó ra àpò símẹ́ǹtì kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: owó tí olúkúlùkù mú wá, bóyá ẹ̀bùn ni, ẹ̀yáwó ni, tàbí ìpín nínú ilé, ẹni tó máa san owó iná àti omi, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá kó jáde, bí yóò ṣe rí nígbà tí àwọn òbí bá ti lọ. Kí àbúrò yín buwọ́ lù ú, kí ẹ̀gbọ́n yín tí kò gbébẹ̀ náà buwọ́ lù ú, kí agbẹjọ́rò wò ó. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Wọ́n á ní ọmọ ìyá kì í kọ̀wé síra wọn. Mo mọ ilé kan tí àbúrò fi owó ara ẹ̀ kan òrùlé ẹ̀ tuntun. Lẹ́yìn tí bàbá kú, àwọn ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀bùn ló fún bàbá, òun ní ìpín òun ni. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ohun tí olúkúlùkù rò lọ́jọ́ náà ló yàtọ̀, kò sì sí ìwé tó gbè é. Wọn ò kí ara wọn mọ́ di òní.

*

Òǹkàwé mìíràn bèèrè pé: "Ẹ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìyá ló ṣáájú. Ṣé ká fi òrùlé tó ń jò sílẹ̀ ni?"

Rárá o. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí ẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí àti ohun tí ẹ máa ṣe lọ́dún yìí. Lọ́sẹ̀ yìí: gílóòbù kékeré tí kì í kú lóru, irin ìdìmú lápá kejì àtẹ̀gùn, ẹ ká ẹní tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀. Ìyẹn ò tó owó tí ẹ ń jà lé lórí. Lẹ́yìn náà ni ìwé àdéhùn. Òrùlé àti omi òjò ló tẹ̀ lé e, torí ohunkóhun tí ẹ bá ṣe lábẹ́ òrùlé tó ń jò, ẹ máa tún un ṣe. Lẹ́yìn yẹn, yàrá àti ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀. Wáyà àti páìpù, ẹ fà wọ́n pọ̀ nígbà kan náà kí ẹ má baà la ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìwọ̀nyí bá ti dúró, tí sókàwéè sì ti tó, ẹ lè kó wọlé. Ilé ìdáná lè dúró de ọdún tó ń bọ̀, ọ̀dà náà lè dúró. Nínú owó 100, ẹ ya 20 sọ́tọ̀ fún ohun tí ẹ máa bá lẹ́yìn ìrẹ́lé, torí ẹ máa bá nǹkan níbẹ̀.

*

Ìyàwó ẹni tó bèèrè fúnra wọn kọ ìkẹyìn: "Táìlì wo ni kí a lò nísàlẹ̀? Èyí tó ń dán ló wu gbogbo wọn."

Ẹ̀yin ló máa nù ún, ìyá ló máa tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ojú ẹ̀ ò yọ̀ ni kí ẹ rà, kó má ní àwọ̀ adíkálà tó ń da ojú àgbà rú, kí ilẹ̀ àti ògiri má sì ní àwọ̀ kan náà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n gbé ìkan sílẹ̀ fún yín. Ẹ da omi ọṣẹ sí i, ẹ bọ́ bàtà, ẹ di nǹkan mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.